Med Safety: áàpù tí a fi ń jẹ́ kí NAFDAC mọ̀ pé oògùn kan kò bá wa lára mu

Med Safety jẹ́ áàpù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà sórí fóònù Android tàbí iPhone, iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n sì ṣe é fún: kí ẹni tí oògùn ṣe ní ohun tí kò retí lè fi ọ̀rọ̀ náà tó àjọ ìjọba tó ń mójú tó oògùn ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ létí. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ NAFDAC ni ìjábọ̀ náà ń lọ, nítorí NAFDAC ló mú áàpù yìí wọlé fún wa ní ọdún 2020. Mo ti lò ó fún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé ní Òṣogbo, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí nípa rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo bi léèrè ni kò mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Èrò mi ni pé irinṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ orúkọ oògùn tí ó gbé mì nìkan ni yóò gbádùn rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro wa wà.

Kì í ṣe NAFDAC ló ṣe áàpù náà fúnra rẹ̀. MHRA, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ibùdó tó ń tọ́jú àkójọ ìjábọ̀ oògùn ní ìlú Uppsala ní Sweden sì jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Burkina Faso àti Zambia ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní ọdún 2017. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1964 ni àwọn dókítà wọn ti ń kọ àtubọ̀tán oògùn sínú káàdì aláwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn tí thalidomide ti ṣe ọṣẹ́ rẹ̀ tán. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn yìí ní ọdún 1957, àwọn aboyún tí èébì ń dà láàmú sì ń lò ó. Nígbà tí wọn yóò fi kó o kúrò lórí àtẹ ní ìparí ọdún 1961, ó ti ṣe jàǹbá fún ọmọ inú tó lé ní 10,000, tí púpọ̀ nínú wọn wáyé láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé. Ohun tó jẹ́ kí ọṣẹ́ náà gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé dókítà kan rí ọmọ kan níhìn-ín, òmíràn rí méjì lọ́hùn-ún, kò sì sí ojúkò kan tí gbogbo wọn ń kó ohun tí ojú wọn rí jọ sí. Ìdí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1968 nìyẹn. Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2004.

Àwa náà ní tiwa láti sọ. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń hu eyín, bẹ̀rẹ̀ sí í ba kíndìnrín àwọn ọmọdé jẹ́. Èròjà olóró tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ló wà nínú rẹ̀, ọmọ 84 ló sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Àwọn dókítà tí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó ń wọlé sí ilé ìwòsàn wọn kò lè tọ̀ mọ́, tí wọ́n sì bi àwọn ìyá wọn ní ohun tí wọ́n fún wọn mu, ni wọ́n tú àṣírí náà. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn tí májèlé wọ̀, kì í ṣe ti oògùn tó pé tó péye tó kọ ara ẹnìkan. Síbẹ̀, ìyá tó gbé ọmọ lọ́wọ́ nílé kò lè mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, ohun tó lè ṣe kò ju pé kó sọ ohun tó fún ọmọ àti ohun tó tẹ̀lé e lọ. Mo fi èyí kún un nítorí àwọn tó gbà pé bí àwọn bá ti ha ara páálí, tí àwọn sì fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, tí èsì sì wá pé ojúlówó ni, ọkàn àwọn balẹ̀ nìyẹn. Àṣà tó dára ni, kí ẹ má fi í sílẹ̀. Ojúlówó oògùn náà lè kọ ara ènìyàn.

Bí ènìyàn bá ṣí áàpù náà, yóò yan orílẹ̀-èdè rẹ̀, yóò sì sọ bóyá òṣìṣẹ́ ìlera ni òun tàbí ẹni tó lo oògùn. Ohun mẹ́rin ni ìjábọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe aláìní: ẹni tí nǹkan ṣe, ẹni tó ń jábọ̀, oògùn tí a fura sí, àti ohun tí a rí lára aláìsàn náà. Kò di dandan kí a kọ orúkọ aláìsàn ní kíkún. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni, ti tó láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tó ṣe kókó ń bọ̀: ọjọ́ wo ni o bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn náà, kí ni o lò ó fún, ìwọ̀n wo ni o ń lò, ọjọ́ wo ni ohun tí o rí bẹ̀rẹ̀, ǹjẹ́ o ti dá oògùn náà dúró, ǹjẹ́ ara ti yá? Ó tún ń béèrè bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó, ìyẹn ni pé bóyá ó gbé ènìyàn dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, bóyá ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí, bóyá ó fi àbùkù sílẹ̀ sára, tàbí bóyá ó pa ẹni náà. Ohun tó dára púpọ̀ fún àwa tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège fún ni pé ènìyàn lè kọ gbogbo rẹ̀ láìsí dátà, kí ó wà nínú fóònù títí dátà yóò fi dé.

Àwọn ìbéèrè ọjọ́ yẹn ni mo gbádùn jù nínú gbogbo áàpù náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló sì jẹ́ kí n mọ iyì wọn. Lisinopril ni dókítà kọ fún wọn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tó ṣe, ikọ́ gbígbẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jà, pàápàá ní òru, kò sí ibà, kò sí ikun, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni, nítorí náà ọyẹ́ ni gbogbo ilé dá lẹ́bi. Wọ́n ra oògùn ikọ́ olómi, wọ́n jẹ orógbó, wọ́n lá oyin, àwọn kan ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n lọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣí áàpù náà níwájú wọn, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí?” Wọ́n mú káàdì ilé ìwòsàn wọn jáde, ọjọ́ náà wà níbẹ̀ ketekete. Mo ní, “Ikọ́ yìí ńkọ́?” Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní ẹ̀yìn oògùn náà ni, kò tíì pé oṣù kan sígbà náà. Kò sí ẹni tó ti fi ọjọ́ méjèèjì ṣe ẹ̀gbẹ́ ara wọn rí kí áàpù tó béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àdììtú fún ẹni tó mọ bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Gbogbo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí orúkọ wọn parí sí pril, bíi lisinopril, enalapril, ramipril àti captopril, ni wọ́n ń dí èròjà ara kan lọ́wọ́, èyí tó ń ṣokùnfà kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Bí a bá dí i lọ́wọ́, iṣan á tú, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ohun tí dókítà ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èròjà kan náà ló tún ń fọ́ ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní bradykinin dànù nínú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń fọ́ ọ dànù mọ́, bradykinin á máa pọ̀ sí i ní ọ̀nà èémí, á máa rin ènìyàn ní ọ̀fun, ikọ́ á sì dé. Bíi ènìyàn 1 nínú 10 tó ń lo oògùn wọ̀nyí ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí, ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kò sí oògùn ikọ́ tó lè wò ó, nítorí kì í ṣe òtútù ló fà á. Ìgbà tí a bá pa oògùn náà tì ni yóò lọ, kì í sì í sábà ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lára àwọn mìíràn ó lè tó oṣù mẹ́ta.

Mo ní láti fi ohun kan kún èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ikọ́ lásán ni ọ̀rọ̀ náà mọ sí. Bradykinin yìí kan náà ló lè mú kí ètè, ahọ́n tàbí ọ̀nà ọ̀fun wú lójijì lára ẹni tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, àwa aláwọ̀ dúdú ni èyí sì máa ń ṣe jù. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn ti lo oògùn náà fún ọdún púpọ̀ láìsí wàhálà, èyí tó máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ pé oúnjẹ ló fà á tàbí pé ẹnìkan ló fi nǹkan ṣe wọ́n. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní ohun tí yóò fi áàpù ṣe ní wákàtí náà. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí mímí di ìṣòro fún, tàbí tí ara rẹ̀ wú bòmùbòmù lẹ́yìn abẹ́rẹ́ penicillin. Med Safety kì í ṣe dókítà, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn pé “ṣe báyìí”; ibi tí a ti ń ròyìn ọ̀ràn lẹ́yìn tó bá ti ṣẹlẹ̀ ni. Bákan náà ni kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n dá oògùn wọn dúró, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a pa oògùn rẹ̀ tì láìgba òmíràn lè yọrí sí àrùn rọpárọsẹ̀. Wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà, dókítà sì gbé wọn lọ sórí losartan, tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ láìfọwọ́ kan bradykinin lọ́nà yẹn.

Ìbéèrè mìíràn tún wà nínú áàpù náà tó dà bí ẹni pé kò ní ìtumọ̀ títí ènìyàn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn rẹ̀: kí ni àwọn oògùn mìíràn tí o ń lò? Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí. Mo ní, “Alábùkún ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?” Wọ́n ní, “Ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ oògùn ni?” Láti ọdún 1918 tí Jacob Odúlatẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Abẹ́òkúta ni Alábùkún ti wà nínú àpò àwọn ìyá wa, ó sì ti wọ inú ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò fi kà á mọ́ oògùn mọ́. Aspirin àti káféènì ló wà nínú rẹ̀. Aspirin lè dá ọgbẹ́ sí inú, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Àwọn ìbátan rẹ̀, bíi ibuprofen àti diclofenac, lè máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru sókè bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń fà á wálẹ̀. Ẹni tó bá ń jábọ̀ tí kò dárúkọ wọn ń fún NAFDAC ní ìtàn olójú kan.

Agbo náà wà ńbẹ̀. NAFDAC ń gba ìjábọ̀ nípa oògùn ìbílẹ̀ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gba ti oògùn òyìnbó, nítorí náà kò sí ìdí láti fi agbo jẹ̀dí pamọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe kọ ọ́? Ẹni tó ń ta agbo ní gáréèjì kì í sọ ewé àti egbò tó wà nínú ìgò rẹ̀, omi tó fi rẹ ẹ́ lè jẹ́ omidùn tàbí ògógóró, kọ́ọ̀pù tó fi ń wọ̀n ọ́n sì lè yàtọ̀ lónìí sí ti àná. Ohun tí mo dámọ̀ràn fún ẹni tó bá fẹ́ jábọ̀ ni kó kọ orúkọ tí olùtà pè é, ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́, bí ó ṣe mu ún tó, àti oògùn òyìnbó tí ó mu lé e lórí. Kò pé, ṣùgbọ́n ó sàn ju kó kọ “agbo” kó sì dákẹ́.

Àwọn tó ń ta kò mí lórí rẹ̀ máa ń béèrè pé kí ni ìwúlò jíjábọ̀ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ta ni nínú wa tó ti dàgbà díẹ̀ tí kò mọ ara yíyún chloroquine? Nígbà tí òun ṣì ni oògùn ibà, ẹni tó bá lò ó á máa fi ìgbálẹ̀ họ ẹ̀yìn, á máa mu Piriton lé e lórí, a sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà lára àwọn tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé lára aláwọ̀ dúdú ni ó ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ìyọnu yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí ó ń mú kí àwọn ènìyàn dá oògùn dúró kí ó tó pé iye tó yẹ kí wọ́n lò, kòkòrò ibà sì ń ṣẹ́kù lára. Nàìjíríà pa chloroquine tì gẹ́gẹ́ bí oògùn ibà ní ọdún 2005 nítorí pé kò pa kòkòrò náà mọ́, ó sì gba àwọn oògùn tó ní artemisinin nínú. Oògùn tuntun ń mú àtubọ̀tán tirẹ̀ wá, àrẹ̀ tí amodiaquine, tó wà nínú àwọn kan lára wọn, ń fi síni lára, fún àpẹẹrẹ, kò sì sí bí a ṣe máa mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó bí kò bá sí ẹni tó ń sọ. Nítorí náà, èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a kò mọ̀, méjèèjì ni kí a kọ.

Àwọn àtubọ̀tán oògùn kan wà tí wọn kì í wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń pani. Àwọn oògùn tó ní sulfa nínú, bíi Septrin àti Fansidar, lè mú kí awọ ara ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ máa léròrò kí ó sì máa bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, tí ẹnu àti ojú yóò sì di egbò. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí kò gbọ́dọ̀ tún fi ẹnu kan irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ayé rẹ̀, ó sì yẹ kí ó wà nínú káàdì rẹ̀ ní gbogbo ilé ìwòsàn tó bá lọ. Ti G6PD tún yàtọ̀ sí ìyẹn, nítorí àbímọ́ ni. Ara bíi ọkùnrin 1 nínú 5 láàárín àwa Yorùbá ni èròjà G6PD, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, ti kéré nínú ẹ̀jẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀, nítorí kì í ṣe wọ́n ní ohunkóhun títí wọn yóò fi lo primaquine, ìyẹn oògùn ibà kan, tàbí dapsone, ìyẹn oògùn ẹ̀tẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìtọ̀ á dúdú bí Kóòkì. Káńfọ̀ tí a ń fi sí àárín aṣọ ọmọ tuntun lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkókó, èyí ni ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń pariwo pé kí a má ṣe fi í sí aṣọ ọmọ. Nínú áàpù náà, àyè wà láti kọ àìsàn tí ènìyàn ti ní tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ń lọ, ẹ má fò ó.

Mo ti sọ pé orúkọ oògùn ni ìṣòro wa. Áàpù náà gbà pé ẹni tó ń jábọ̀ ní páálí lọ́wọ́, ó sì rọrùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ oògùn, iléeṣẹ́ tó ṣe é, nọ́ńbà NAFDAC àti nọ́ńbà tó ń fi hàn pé inú ìdì báyìí ni ó ti jáde wà lára páálí náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí púpọ̀ nínú wa ṣe ń ra oògùn. A ó dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì, a ó ní ara ń ro wá, ẹnu wa korò, a kò rí oorun sùn. Yóò gé méjì nínú sáṣẹ́ kan, yóò gé mẹ́ta nínú òmíràn, yóò bu kóró funfun díẹ̀ láti inú agolo ńlá, yóò fi kápúsù kan lé e, yóò sì di gbogbo rẹ̀ sínú bébà. Yóò ní kí a lo ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ àti alẹ́. Bí ara bá ń yún lóru, tàbí tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò sọ èyí tó fà á nínú wọn? Paracetamol lè wà nínú méjì nínú wọn láìjẹ́ pé ẹni tó dì wọ́n rò ó, ẹ̀dọ̀ ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Kò sí áàpù tó lè yanjú èyí. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ènìyàn béèrè orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ sára bébà náà, tàbí kó fi fóònù ya àwòrán sáṣẹ́ kí wọ́n tó gé e. Oníkẹ́mísì tí kò bá gbà, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àléébù tó jẹ́ ti áàpù náà gan-an ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó bá yan Nàìjíríà yóò bá nínú rẹ̀, orúkọ àìsàn inú àtòjọ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè é. Ẹni tó bá ní ara ń yún òun yóò rí ti rẹ̀. Ẹni tó bá ní orí òun ń hó, tàbí pé nǹkan ń rìn kiri lábẹ́ awọ ara òun láti ẹsẹ̀ dé àyà, kí ni yóò yàn? Ọ̀nà tí mo fi yọ nínú rẹ̀ ni pé mo yan èyí tó sún mọ́ ọn, mo sì kọ bí aláìsàn ṣe sọ ọ́ gan-an sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé. Ó yẹ kí wọ́n ṣe èyí tó ń sọ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, nítorí àwọn ìyá àti bàbá tó ń lo oògùn jù ni wọn kò lè lò ó láìsí ọmọ tàbí aládùúgbò tó mọ̀wé.

Ìjábọ̀ tí NAFDAC bá gbà, ibùdó rẹ̀ ní Àbújá ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí Uppsala, níbi tí ìjábọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 30 láti káàkiri ayé wà. Ìjábọ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí pé oògùn ló fà á. Ìgbà tí púpọ̀ bá ń sọ ohun kan náà nípa oògùn kan náà ni wọ́n ń tú u wò. Ènìyàn tún lè to orúkọ àwọn oògùn tó ń lò sínú áàpù náà kí ìròyìn nípa wọn lè máa dé bá a, mo rí èyí gẹ́gẹ́ bí àfikún tó wúlò fún ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́. Èyí tó wúlò fún mi jù ni pé a lè padà sínú ìjábọ̀ tí a ti fi ránṣẹ́ láti fi kún un. Nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ oògùn wọn, mo padà síbẹ̀, mo kọ ọjọ́ tí wọ́n dá lisinopril dúró àti ọjọ́ tí ikọ́ náà dáwọ́ dúró. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí tí àwọn tó ń yẹ ìjábọ̀ wò máa ń wá. Máàkì 7 nínú 10 ni mo fún un; mẹ́ta tí mo yọ jẹ́ ti èdè.

Ẹni tí kò ní fóònù Android tàbí iPhone kò ní láti torí ẹ̀ dákẹ́. Fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè ti NAFDAC ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn ará wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò Med Safety, nítorí Yellow Card ti wọn ṣì wà, ó ti di áàpù àti ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aláìsàn fúnra rẹ̀ sì lè lò ó. Ní Amẹ́ríkà, MedWatch ti àjọ FDA ni. Bó bá jẹ́ oògùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ni ara ẹni tó wà ní London kọ̀, kó kọ ọ́ sínú Yellow Card pẹ̀lú orúkọ tó wà lára páálí àti ibi tí wọ́n ti rà á.